Volvo Penta àbí MerCruiser? Iyàn Ẹ́ńjìnnì Lórí Ọ̀sà Èkó

Ní ìdíkọ̀ Ìjerò-Èkìtì, ẹni tó bá ń kánjú kì í dá sí iyàn Bajaj àti TVS. Ọlọ́kadà kan á ní Bajaj ló lè gbé àpò kòkó gun òkè Ẹ̀fọ̀n láìmí hẹlẹ. Èkejì á ní kí ó lọ jókòó, TVS ni kì í jẹ epo, páàtì rẹ̀ kò sì wọ́n. Irú iyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà lágbo àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì. Orúkọ tí wọ́n ń dá níbẹ̀ ni Volvo Penta àti MerCruiser, owó tó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lè ra ọ̀kadà fún odindi àdúgbò kan.

Omi kò sí fún irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ẹni tó bá lọ sí Ìkógòsì, ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù ló fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀. Ọkọ̀ eléńjìnnì kò lè yí po níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ Àrámọkọ, ọmọ Ìjerò àti ọmọ Ẹ̀fọ̀n kún Èkó fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù láàárọ̀, kí wọ́n má bàa há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Àwọn díẹ̀ tí ọwọ́ wọ́n ti tó ẹnu a máa wo ọkọ̀ tara wọn lọ́ọ̀ọ́kán, èyí tí wọ́n lè fi kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Tarkwa Bay tàbí Ìlàṣẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ọ̀rọ̀ sterndrive, tí ẹni tó ń tajà á sì máa to orúkọ ilé iṣẹ́ sí wọn létí.

Kí ni sterndrive yìí? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tí gbogbo ará Èkó mọ̀, ìyẹn outboard. Odindi ẹ́ńjìnnì outboard ló so mọ́ ìdí ọkọ̀ níta: orí rẹ̀ wà lókè, pùròpẹ́là rẹ̀ wà nínú omi. Ní ti sterndrive, inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n sábà ń fi í pamọ́ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Wọ́n dá ihò sí ìdí ọkọ̀, ṣáàfù gba ibẹ̀ jáde, ó kọrí sísàlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ náà, ó tún ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀kejì kó tó kan pùròpẹ́là. Bí awakọ̀ bá yí sítiárìn, odindi ẹsẹ̀ ló ń yí. Bọ́tìnnì kan tún wà tí wọ́n ń tẹ̀ láti gbé ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀ níbi tí omi kò bá ti jìn.

Àǹfààní rẹ̀ kò farasin. Ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ tónítóní, àwọn ọmọ lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa bọ́ sómi kí wọ́n sì máa gòkè. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ó sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì irú ti mọ́tò, tó tóbi, tó lágbára, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti outboard tí agbára wọn jọ dọ́gba.

Àwọn tó ń jiyàn lórí ilé iṣẹ́ méjèèjì kì í sábà rántí pé ilé kan náà ni èrò sterndrive yìí ti jáde. Mercury ni ilé náà, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, Carl Kiekhaefer tó dá a sílẹ̀ ní 1939 sì ni ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà. Ẹni líle ni Kiekhaefer. Àwọn ẹnjiníà rẹ̀ méjì, Charles Strang àti Jim Wynne, ti ń rò ó pé èèyàn lè gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò sínú ọkọ̀ kí ó sì fi ẹsẹ̀ outboard sí i níta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ ọ̀gá létí. Ní 1958 Wynne fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé àwòrán rẹ̀ lọ bá àwọn Volvo Penta ní Sweden, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló sì jáde níbẹ̀, nítorí pé abẹ́ Kiekhaefer ni Strang ṣì ti ń jẹun. Nígbà tí ó di ìpàtẹ ọkọ̀ ojú omi ti New York ní 1959, Volvo Penta gbé e jáde, wọ́n pè é ní Aquamatic, agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 80.

Ẹ lè fojú inú wo bí inú Kiekhaefer ti rí. Ní 1961, Mercury gbé ti wọn jáde, wọ́n sọ ọ́ ní MerCruiser. OMC, ilé iṣẹ́ tó ni Johnson àti Evinrude, náà bọ́ sójú ọpọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni èrò náà wá di ẹjọ́. Àárín àwọn tó mọ ojú ara wọn dáadáa ni ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ọjà méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀.

Ìjọra ọ̀hún dé inú ẹ́ńjìnnì gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe Volvo tàbí Mercury ló ń rọ irin ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. General Motors ni. V6 onílítà 4.3 àti V8 onílítà 5.7 tó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet ni wọ́n ń rà, tí wọ́n á fi ohun èlò ojú omi sí i, tí wọ́n á sì kùn ún ní ọ̀dà tiwọn. Ọkùnrin méjì lè máa bínú síra wọn lórí ẹ́ńjìnnì ta ló lágbára jù, kó sì jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n jọ ń wà. Ní 2014 ni Mercury tó gbé V6 onílítà 4.5 tí wọ́n rọ fúnra wọn jáde. Volvo Penta ní tirẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ẹ́ńjìnnì oní-dísù, àwọn bíi D4 àti D6, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà lónìí. Dísù kì í tètè gbiná bíi bẹntiróòlù, ọ̀rọ̀ yìí sì wúwo nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú àpótí tó dé pa. Oru bẹntiróòlù a máa rọ̀ sílẹ̀ sínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí atẹ́gùn kì í dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń tan fáànù inú àpótí náà fún ìṣẹ́jú 4 kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá fo èyí, ó lè jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa fò ó.

Inú ẹsẹ̀ ni ìyàtọ̀ gidi wà. Ẹsẹ̀ oríṣi méjì ni MerCruiser ní: Alpha fún ẹ́ńjìnnì kékeré sí àárín, Bravo fún èyí tó lágbára. Bí a bá fi Alpha sí gíà, ó máa ń dún kọ̀. Irin eléyín méjì ló ń há mọ́ra wọn nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ní láti sé iná púlọ́ọ̀gì ní ìṣẹ́jú akàn kí gíà tó lè jáde. Kónù ni Volvo àti Bravo ń lò: irin rọ́bọ́tọ́ méjì tó ń fi ara ra ara títí wọ́n á fi dì mọ́ra, gíà náà á sì wọlé láìpariwo.

Pọ́ǹpù ṣe pàtàkì jù gíà lọ fún ẹni tó ń gbé Èkó. Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń fà wọlé kí ó lè tutù, nítorí wọn kò ní rédíétọ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Inú ẹsẹ̀ ni Alpha fi pọ́ǹpù rẹ̀ sí, rọ́bà alápá wẹ́wẹ́ kan ló sì ń yí nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gun yanrìn ní ẹ̀bá Ìlàṣẹ, yanrìn á wọ pọ́ǹpù, á jẹ rọ́bà náà, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Láti pààrọ̀ rẹ̀, dandan ni kí wọ́n tú ìdajì ẹsẹ̀ sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú omi. Ara ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ ni Bravo àti Volvo gbé tiwọn kọ́. Mẹkáníìkì tó mọ́wọ́ lè pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ so mọ́. Bí ìyàtọ̀ kan bá wà tó yẹ kó mú èèyàn yan ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀ lórí ọ̀sà Èkó, èyí ni.

Volvo Penta tún ní ohun kan tí wọ́n fi ń yangàn. Ní 1982 wọ́n gbé Duoprop jáde: pùròpẹ́là méjì lórí ìdí kan náà, ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún, èkejì ń yí sósì. Pùròpẹ́là kan ṣoṣo a máa fẹ́ fa ìdí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pàápàá nígbà tí awakọ̀ bá ń padà sẹ́yìn wọ èbúté. Méjì tó ń yí lódìkejì ara wọn ń pa ìfà náà rẹ́, wọ́n sì ń di omi mú dáadáa. Mercury náà kò gbé e fún wọn. Ẹsẹ̀ Bravo Three tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, pùròpẹ́là méjì ló ní. Àléébù tí àwọn tó ni Volvo máa ń sọ ni pé páàtì rẹ̀ wọ́n. Fún MerCruiser, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe páàtì àfarawé lọ jàra, èyí sì ń fa owó rẹ̀ wálẹ̀.

OMC ńkọ́? Ó kógbá wọlé ní ìparí ọdún 2000. Àwọn tó ra sterndrive rẹ̀ wá di ẹni tó ń wá páàtì inú àjákù ọkọ̀ kiri. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ń ta ọkọ̀ ní owó pọ́ọ́kú tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ OMC ló wà ní ìdí rẹ̀, ẹ má yà síbẹ̀ rárá.

Ibi tó ń bà mẹkáníìkì lẹ́rù jù wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ náà, níbi tó ti so mọ́ ọkọ̀. Ṣáàfù gbọ́dọ̀ lè yí sọ́tùn-ún sósì, kí ó sì lè gbéra kí ó rọlẹ̀, nítorí náà irin kò lè dí ihò tó gbà jáde. Rọ́bà dúdú kan tó ṣẹ́po ṣẹ́po, tó nípọn níwọ̀nba, ni wọ́n fi dè é. Abẹ́ omi ni rọ́bà yìí wà tọ̀sán-tòru. Òun nìkan ló dúró láàárín ọ̀sà àti inú ọkọ̀. Oòrùn, iyọ̀ àti ọjọ́ orí á mú un gan, ìṣẹ́po rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Bí ó bá ya díẹ̀, omi á kọ́kọ́ ba béárìn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́, awakọ̀ á sì máa gbọ́ híhan kan nígbàkúùgbà tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá ya tán lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sẹ́ni níbẹ̀, ọkọ̀ á rì síbi tí wọ́n so ó mọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló yẹ kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n fi ìka tẹ inú ìṣẹ́po rọ́bà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi gírísì sí béárìn, kí wọ́n sì tú ọ́ìlì gíà jáde wò. Ọ́ìlì tó bá ti ń funfun, omi ti wọ ọ́. Volvo ni o, MerCruiser ni o, méjèèjì ló ní rọ́bà yìí.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kan Èkìtì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ìgèdè-Èkìtì, lójú ọ̀nà tó ti Adó wá sí Àrámọkọ, ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì lọ tú sínú ọ̀sà Lẹ́kí lápá Ẹ̀pẹ́. Omi ọ̀sà Lẹ́kí ń ṣàn wá sí ọ̀sà Èkó kó tó bọ́ sí òkun. Nígbà òjò, omi tó ń ti òkè wá látinú Ọ̀ṣun, Ògùn àtàwọn odò mìíràn ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sà Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò á fà, òkun á ti omi iyọ̀ wọlé.

Aluminiọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ sterndrive, omi iyọ̀ sì ń jẹ ẹ́, pàápàá níbi tí irin oríṣi méjì bá ti fara kanra. Láti dáàbò bò ó, wọ́n ń de àwọn ègé irin kan mọ́ ọn lára tí omi á máa jẹ dípò rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Síǹkì dára nínú omi iyọ̀, ṣùgbọ́n nínú omi odò, èépá a máa bò ó, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Magnesium dára nínú omi odò, àmọ́ omi iyọ̀ á jẹ ẹ́ tán láàárín ìgbà díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi aluminiọ́ọ̀mù ṣe ló lè fara da méjèèjì. Ọ̀sà tó jẹ́ omi odò ní oṣù Kẹsàn-án tó sì di omi iyọ̀ ní oṣù Kejì, aluminiọ́ọ̀mù yìí ló bá a mu. Òjò tó rọ̀ sórí òkè Èkìtì wà lára ohun tó ń pinnu irin tí ọlọ́kọ̀ Ìkòyí máa rà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹni tó bá dúró ní èbúté Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú máa ṣàkíyèsí pé Volvo àti MerCruiser kò ju ẹyọ lọ níbẹ̀, bí èèyàn bá tilẹ̀ rí wọn. Yamaha ló gba ibẹ̀ kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní Enduro, alágbára ẹṣin 40 àti 75, ni àwọn awakọ̀ èrò àti apẹja fẹ́ràn jù. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, tó ní kabúrétọ̀, tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Òfin èéfín kò jẹ́ kí wọ́n ta irú rẹ̀ ní tuntun mọ́ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ní Áfíríkà, òun lọba.

Ìdí rẹ̀ kò jinlẹ̀. Bí ọjọ́ bá rọ̀, awakọ̀ á gbé ẹ́ńjìnnì náà dìde pátápátá kúrò nínú omi. Kò sí rọ́bà kan tó kù sábẹ́ tó ń di ọ̀sà mú. Bí ewéko bá wé mọ́ pùròpẹ́là, á gbé e sókè, á fi ọwọ́ tú u, á sì tẹ̀ síwájú. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré lórí ọ̀sà tí ewéko olódòdó àlùkò ń bò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún láti 1984 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lápá Badagry. Bí ẹ́ńjìnnì alágbára 40 bá sì kọ̀ jálẹ̀, ọkùnrin méjì lè tú u lára ọkọ̀ kí wọ́n gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ta ló fẹ́ gbé V8 jáde lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn?

Epo náà wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù alágbára ẹṣin 300, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dópin, lè mu nǹkan bí lítà 110 ní wákàtí kan. Ká ní lítà kan jẹ́ 1,000 náírà, wákàtí kan ti di 110,000. Èèyàn kì í sábà tẹ̀ ẹ́ dópin, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní 2023, fàájì ọjọ́ Sátidé ti ń gba ìṣirò. Ibí yìí ni dísù Volvo ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí ó ń mu epo díẹ̀ ju bẹntiróòlù lọ fún iṣẹ́ kan náà. Owó ríra rẹ̀ ló ń lé èèyàn sá.

Lágbàáyé pàápàá, outboard ti ń gba ilẹ̀ mọ́ sterndrive lọ́wọ́, àwọn tó ni sterndrive sì mọ̀. Mercury tó ni MerCruiser ló tún gbé outboard onísílíńdà 12 alágbára ẹṣin 600 jáde ní 2021. Volvo Penta ra ilé iṣẹ́ Seven Marine tó ń ṣe outboard ńlá ní 2017, kò sì ju ọdún mélòó kan lọ tí wọ́n fi tì í pa. Ohun tí wọ́n wá dì mú ni Forward Drive tí wọ́n ti gbé jáde láti 2015. Iwájú ni pùròpẹ́là ti èyí kọjú sí, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun pákó lórí ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ má bàa sún mọ́ ọn. Mercury fi Bravo Four S dá wọn lóhùn. Outboard kò lè bá wọn dé ibẹ̀, nítorí ẹ̀yìn pátápátá ni pùròpẹ́là rẹ̀ wà.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ sterndrive tó ń dé Èkó, ibẹ̀ sì ni kí ọmọ Ìjerò tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ti la ojú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti ń sáré lórí adágún omi dídùn ní Amẹ́ríkà láti ọdún tó ti pẹ́ lè wù èèyàn: ara rẹ̀ á máa dán, wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe kò ní pọ̀. Ẹsẹ̀ Alpha ló sábà máa ń wà ní ìdí irú rẹ̀, ègé magnesium ló máa ń wà lára ẹsẹ̀ náà, omi ìta sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fà tààrà sínú irin. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sínú ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti inú. Èyí tó sàn jù ni ẹ́ńjìnnì tí omi tútù tirẹ̀ ń yí po nínú rẹ̀, tí omi ọ̀sà kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti gba ooru lára rẹ̀. Kí ó béèrè ìyẹn kí ó tó béèrè orúkọ ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà kúrò nínú omi, kí wọ́n tú ọ́ìlì gíà sínú ike funfun lójú rẹ̀, kí wọ́n yí ẹsẹ̀ náà sọ́tùn-ún dópin, kí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí rọ́bà dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí olùtajà bá ní kò sáyè fún ìyẹn, kí ó wọ mọ́tò padà sílé.